Yàrá 207 àti Yàrá 509: ohun tó dá ìjà sílẹ̀ lórí eré Snowdrop

Ilẹ̀ ti ṣú. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ẹ̀jẹ̀ ti rin aṣọ rẹ̀ gbindin já wọ ilé ìgbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin yunifásítì kan ní Seoul, ó wọ́ ara rẹ̀ dé yàrá 207, ó ṣubú síbẹ̀. Àwọn ọmọbìnrin tó ń gbé yàrá náà mọ ohun tó ń lọ nígboro. Ọdún 1987 ni. Ọ̀gágun Chun Doo-hwan ló ń ṣe ìjọba, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń wọ́de, ọlọ́pàá ń lé wọn kiri. Wọn ò bi í léèrè púpọ̀. Wọ́n gbà pé ọ̀kan nínú àwọn ajìjàgbara ni, wọ́n sì fi í pamọ́.

Bí Snowdrop, eré tẹlifíṣọ̀n ilẹ̀ Gúúsù Kòríà kan, ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Àbúrò mi obìnrin ló pè mí wá wò ó, torí Jisoo, ọ̀kan nínú àwọn akọrin Blackpink, ni olórí òṣèré obìnrin níbẹ̀, àbúrò mi kì í sì í fi ọ̀rọ̀ Blackpink ṣeré rárá. Mo wo apá àkọ́kọ́, ó wọ̀ mí lára. Ìgbà tí mo wá kà nípa ohun tí eré kan náà ń dá sílẹ̀ láàárín àwọn tó ni ìtàn ni mo tó mọ̀ pé ohun tí mo fi ṣe fàájì, egbò ẹlòmíì ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ èyí.

Nítorí ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ ajìjàgbara. Amí Àríwá Kòríà ni.

Ẹni tí kò mọ ìtàn ilẹ̀ náà lè sọ pé, kí ló wá burú níbẹ̀? Eré ni. Ẹ jẹ́ ká fi yàrá 207 sílẹ̀ ná, ká lọ sí yàrá mìíràn, tí kì í ṣe ti eré. Ní àdúgbò Namyeong-dong, ní Seoul kan náà, ilé alájà púpọ̀ kan wà tí ẹ̀ka ọlọ́pàá tó ń gbógun ti kọ́múníìsì ń lò nígbà náà. Iṣẹ́ tí wọ́n ní wọ́n ń ṣe níbẹ̀ ni mímú amí. Àwọn fèrèsé àjà karùn-ún rẹ̀ tín-ín-rín tó bẹ́ẹ̀ tí orí èèyàn ò lè gba ibẹ̀ jáde. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kìíní ọdún 1987, nínú yàrá 509 lórí àjà náà, wọ́n pa Park Jong-chul, akẹ́kọ̀ọ́ Seoul National University. Ọpọ́n ìwẹ̀ wà nínú yàrá náà. Inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń ri orí rẹ̀ bọ omi. Ohun tí wọ́n fẹ́ kó sọ ni ibi tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan ní yunifásítì, tí wọ́n ń wá, sá pamọ́ sí.

Kò sọ ọ́. Nígbà tí wọ́n bi ọlọ́pàá léèrè ikú rẹ̀, wọ́n ní àwọn kàn lu tábìlì ni, ni ọmọ náà bá han, ló bá kú. Títí dòní, kò sí ọmọ Gúúsù Kòríà tó ti dàgbà díẹ̀ tí kò mọ gbólóhùn yẹn.

Ẹ wá tún yàrá méjèèjì wò. Torí pé ọmọ kan kò tú àṣírí akẹ́kọ̀ọ́ tó sá pamọ́ ni wọ́n ṣe pa á. Eré yìí mú ọdún kan náà àti ìlú kan náà, ó mú àwọn ọmọ tó ń fi akẹ́kọ̀ọ́ pamọ́ fún ọlọ́pàá, ó wá ní ẹni tí wọ́n fi pamọ́ náà, amí ni lóòótọ́. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ọlọ́pàá ló jàre. Ìbínú tó tẹ̀ lé e, orí ìyípo kan yìí ló dúró lé. Àwọn nǹkan yòókù tí wọ́n bá eré náà wí fún, ẹ̀ka rẹ̀ ni wọ́n.

Ọ̀rọ̀ náà, "amí", kì í ṣe ọ̀rọ̀ lásán ní ilẹ̀ yẹn. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1975, lábẹ́ Ààrẹ Park Chung-hee, wọ́n so ọkùnrin mẹ́jọ rọ̀ kí wákàtí mẹ́rìnlélógún tó pé lẹ́yìn tí ilé ẹjọ́ tó ga jù dá wọn lẹ́bi pé àwọn àti Àríwá ló jọ ń gbìmọ̀ láti dojú ìjọba bolẹ̀. Ọdún 2007 ni ilé ẹjọ́ tó sọ pé wọn ò jẹ̀bi. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni àwọn opó àti ọmọ wọn fi jẹ́ ará ilé amí. Ní ọdún 1980, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Chun da ìbọn bo àwọn ará ìlú Gwangju, ohun tí wọ́n sọ ni pé àwọn tí Àríwá rán wá ló ń da ìlú rú. Irọ́ yẹn kò tíì kú. Ní ìparí ọdún 2020, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní láti ṣe òfin tó ń fìyà jẹ ẹni tó bá ń pa irọ́ mọ́ ìṣẹ̀lẹ̀ Gwangju, torí àwọn kan ṣì ń sọ ọ́ lójú gbogbo ayé.

Àmọ́ òtítọ́ ni pé àwọn amí wà. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kọkànlá ọdún 1987, aṣojú Àríwá méjì fi bọ́ǹbù fọ́ ọkọ̀ òfuurufú Korean Air 858, èèyàn 115 ló ṣòfò. Wọ́n mú obìnrin tó wà nínú wọn dé Seoul ní ọjọ́ 15 oṣù Kejìlá, ilẹ̀ ọjọ́ kejì ló mọ́ sí ìdìbò ààrẹ. Nítorí náà, ẹni tó bá ní Àríwá kò rán amí jáde lọ́dún yẹn ń parọ́. Àwọn amí tòótọ́ yẹn gan-an ló jẹ́ kí irọ́ náà wọ àwọn èèyàn létí: ìjọba kàn ń na ìka sí ẹni tí kò fẹ́, ìlú a sì máa bẹ̀rù.

Ẹ jẹ́ kí n gbé e wá sílé díẹ̀, kó lè yé wa. Lẹ́yìn tí wọ́n fagi lé ìdìbò June 12, nígbà tí bọ́ǹbù ń dún káàkiri, ìjọba Abacha ní àwọn NADECO ló ń jù ú. Ní ọdún 1997, wọ́n fi ẹ̀sùn ìdìtẹ̀ mọ́jọba kan Wọlé Ṣóyínká, Anthony Enahoro àti àwọn mìíràn. Ká ní ẹnì kan wá ṣe eré ìfẹ́ lónìí, tí ọmọbìnrin kan ní Surulere fi ọ̀dọ́kùnrin kan pamọ́ torí ó rò pé ọmọ NADECO ni, tó wá já sí pé bọ́ǹbù ló wà nínú báàgì rẹ̀ lóòótọ́. Ẹni tí wọ́n pa bàbá rẹ̀ nígbà yẹn kò ní dúró wo bí ìfẹ́ wọn ṣe máa parí.

Ìjà náà ti bẹ̀rẹ̀ kí eré tó jáde. Ní oṣù Kẹta ọdún 2021, àkópọ̀ ìtàn rẹ̀ jáde sórí íntánẹ́ẹ̀tì láìjẹ́ pé ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n JTBC tó ni eré náà gbé e síta. Ohun mẹ́ta ni àwọn èèyàn rí níbẹ̀ tí ara wọn ò gbà. Èkíní ni ti amí tí wọ́n rò pé ajìjàgbara ni. Èkejì, ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ ANSP, àjọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tó ń dá àwọn ajìjàgbara lóró nígbà náà, ni wọ́n ya gẹ́gẹ́ bí ẹni tó dúró ṣinṣin, tí kì í yẹsẹ̀ lórí òtítọ́. Ẹ̀kẹta ni orúkọ. Eun Young-cho ni wọ́n sọ ọmọbìnrin inú eré náà, bẹ́ẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́bìnrin ajìjàgbara kan wà ní àwọn ọdún 1970 tó ń jẹ́ Chun Young-cho, tí ìyà ìjọba ba ayé rẹ̀ jẹ́. Ìwé ìfẹ̀hónúhàn tí wọ́n kọ sí Blue House, ilé ìjọba ààrẹ, gba ìbuwọ́lù tó lé ní 200,000, iye tó mú un ní dandan kí ìjọba fèsì.

Àsìkò náà kò dára fún JTBC. Lóṣù kan náà ni ilé iṣẹ́ SBS fagi lé eré mìíràn, Joseon Exorcist, lẹ́yìn apá méjì péré, torí àwọn èèyàn ní ó yí ìtàn ìgbà ọba wọn po. Àwọn tó ń bínú ti rí i pé ohùn wọn lè dá eré dúró.

JTBC yí orúkọ náà sí Eun Young-ro. Wọ́n ní àkópọ̀ ìtàn tó jáde kò tíì pé, pé eré náà kì í ṣe lórí ìjà àwọn akẹ́kọ̀ọ́, pé ìdìbò 1987 àti ọ̀tẹ̀ láàárín àwọn alágbára Gúúsù àti Àríwá ló dá lé, wọ́n sì fẹ́ fi àwọn alágbára yẹn ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Ìjọba ní tirẹ̀ fèsì pé òun bọ̀wọ̀ fún òmìnira àwọn tó ń ṣe eré. Ọ̀rọ̀ rọlẹ̀ fún oṣù mélòó kan.

Ní ọjọ́ 23 oṣù Kọkànlá, Chun Doo-hwan kú sínú ilé rẹ̀, ẹni àádọ́rùn-ún ọdún, láì bẹ ẹnikẹ́ni ní Gwangju. Ọjọ́ márùn-ún-dín-lọ́gbọ̀n lẹ́yìn rẹ̀, ní ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá, Snowdrop jáde. Ọkùnrin náà kú láì jẹ́wọ́, ìbínú tí àwọn èèyàn ń gbé kiri kò rí ibi bọ́ sí. Mi ò rò pé a lè yọ ikú yẹn kúrò nínú bí nǹkan ṣe gbóná tó.

Ìran kan ló fọ́ ohun gbogbo. Àwọn ANSP ń lé amí náà, ó ń sá, orin bẹ̀rẹ̀. Orin igi páìnì tútù yọ̀yọ̀ ni, èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àwọn ọdún 1980 máa ń kọ níwájú afẹ́fẹ́ tajútajú, tí wọ́n fi ń ṣọ̀fọ̀ àwọn ẹgbẹ́ wọn tó kú. Ẹni tó bá ti kọ orin yẹn rí nígboro, tó wá gbọ́ ọ lẹ́yìn amí tó ń sá fún ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, kí lẹ fẹ́ kó rò? Mo ti gbìyànjú láti rò ó bí olùdarí eré: orin tó bá àsìkò mu, tó dùn, tó ń mú ọkàn gbọ̀n, ó lè jẹ́ gbogbo ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ nìyẹn. Ó sì burú jù bẹ́ẹ̀, torí ó fi hàn pé kò sí ẹni tó ti kọ orin náà rí nígboro nínú yàrá tí wọ́n ti yan orin.

Ọjọ́ kejì ni ìwé ìfẹ̀hónúhàn tuntun bẹ̀rẹ̀, pé kí wọ́n dá eré náà dúró. Láàárín ọjọ́ kan, ó kọjá 200,000. Ó sì lé ní 300,000 nígbà tó yá. Àwọn onígbọ̀wọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sá lọ́kọ̀ọ̀kan: ilé iṣẹ́ tó ń ta tíì, àwọn tó ń fi ìrẹsì ṣe àkàrà, àwọn oníṣẹ́ amọ̀. Àwọn kan nínú wọn ní àwọn ò mọ ohun tó wà nínú ìtàn náà nígbà tí àwọn fọwọ́ sí i. Àwọn tó ń mójú tó ìrántí Park Jong-chul àti ti Lee Han-yeol, akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn tó kú lọ́dún 1987, sọ̀rọ̀. Sim Sang-jung, tó ń du ipò ààrẹ nígbà náà, bá eré náà wí.

JTBC dáhùn ní ọjọ́ 21. Wọ́n ní kò sí amí kankan nínú eré náà tó ń darí ìjà òmìnira, pé ọkùnrin àti obìnrin náà kò kópa nínú ìwọ́de, pé bí ìtàn bá ṣe ń lọ ni àṣìlóye yóò máa kúrò. Wọ́n wá gbé apá mẹ́ta jáde ní ọjọ́ mẹ́ta tẹ̀ léra wọn nígbà Kérésìmesì, kí ìtàn lè tètè dé ibi tó yẹ.

Ẹni tó bá wò ó dé òpin á rí i pé JTBC kò parọ́ lórí bí ìtàn ṣe lọ. Àwọn olóṣèlú tó wà lórí àléfà ló dọ́gbọ́n pẹ̀lú Àríwá kí wọ́n lè wọlé ìdìbò, àwọn ọmọ inú ilé ìgbé náà ni wọ́n sì fẹ́ fi rúbọ. Ìjọba ni ìtàn náà bá wí jù. Ṣùgbọ́n ìdáhùn yẹn kò kan ẹ̀sùn. Àwọn èèyàn ò sọ pé eré náà yin Chun. Ohun tí wọ́n sọ ni pé ó sọ irọ́ tí wọ́n fi pa ọmọ wọn di òtítọ́ nínú ìtàn, ìyẹn sì ti ṣẹlẹ̀ ní alẹ́ àkọ́kọ́ nínú yàrá 207. Apá kẹrìndínlógún kò lè tún un ṣe. A ò lè ní kí ẹni tí a tẹ̀ lẹ́sẹ̀ ní súúrù títí di òpin ijó.

Ó tún dùn wọ́n sí i torí pé JTBC ni. Ilé iṣẹ́ ìròyìn tó tú àṣírí Choi Soon-sil, ọ̀rẹ́ Ààrẹ Park Geun-hye, ní oṣù Kẹwàá ọdún 2016, èyí tó fa ìṣubú ààrẹ náà, ni. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń bínú yìí ti gbé àbẹ́là wọ́de nínú òtútù lọ́dún náà torí ìròyìn JTBC. Òǹkọ̀wé àti olùdarí Snowdrop náà sì kì í ṣe ọ̀gbẹ̀rì. Yoo Hyun-mi àti Jo Hyun-tak, àwọn ló ṣe SKY Castle, eré tí ó lé ní ẹ̀ẹ́tàlélógún nínú ọgọ́rùn-ún ilé wò nígbà tó ń parí.

Ẹgbẹ́ ará ìlú kan gbé ọ̀rọ̀ lọ sí ilé ẹjọ́ ìhà ìwọ̀-oòrùn Seoul ní ọjọ́ 22, pé kí adájọ́ dá eré náà dúró. Ní ọjọ́ 29, ilé ẹjọ́ kọ̀. Ó ní bí ó bá tilẹ̀ ṣe pé ìtàn tí wọ́n yí po ló wà nínú rẹ̀, ó ṣòro láti gbà pé àwọn tó ń wò ó yóò kàn gbà á gbọ́ láì ronú, àti pé ẹgbẹ́ náà kò lè gba ẹ̀tọ́ ẹlòmíì jà.

Mo fara mọ́ ìdájọ́ yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú ọ̀pọ̀ ẹni tí mo ń gbè lẹ́yìn kò dùn sí i. Orílẹ̀-èdè tí Chun ti ń pàṣẹ ohun tí ìwé ìròyìn lè kọ kò gbọ́dọ̀ tún máa wá ẹni tí yóò pàṣẹ ohun tí èèyàn lè wò. Ohun tí mi ò fara mọ́ ni ti àwọn tó sọ pé, níwọ̀n bí ilé ẹjọ́ ti sọ̀rọ̀, ẹjọ́ tán. Ilé ẹjọ́ sọ pé JTBC ní ẹ̀tọ́ láti gbé e jáde. Kò sọ pé JTBC ṣe dáadáa. Kí JTBC fúnra rẹ̀ tún wá máa halẹ̀ ilé ẹjọ́ mọ́ àwọn tó ní wọ́n ń tan irọ́ nípa eré náà ní ìparí oṣù kan náà, ìyẹn kò bójú mu rárá.

Àwọn kan ní àwọn tó ń bínú ò fẹ́ kí wọ́n fi ìfẹ́ sínú ìtàn ìbànújẹ́. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2021 kan náà, ilé iṣẹ́ KBS gbé Youth of May jáde, eré ìfẹ́ láàárín nọ́ọ̀sì kan àti akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn kan ní Gwangju ní oṣù Karùn-ún ọdún 1980. Ìfẹ́ ló gba gbogbo rẹ̀ kan, ìtàn àtinúdá ni, ó sì fi ojú sí ibi tí ìbọn ti dún. Mi ò gbọ́ pé ẹnikẹ́ni kọ ìwé ìfẹ̀hónúhàn pé kí wọ́n dá a dúró. Nínú eré yẹn, ẹni tí ìjọba pa kò jẹ̀bi ohun tí ìjọba sọ pé ó jẹ̀bi. Ìyàtọ̀ náà kò jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì tó.

Snowdrop parí ní ọjọ́ 30 oṣù Kìíní ọdún 2022. Wọn ò gé e kúrú. Ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún ilé ni kò fi bẹ́ẹ̀ kọjá ní Gúúsù Kòríà, ṣùgbọ́n Disney+ gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn tó wà lókè òkun, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì gbọ́ orúkọ Park Jong-chul rí. Èmi àti àbúrò mi náà wà nínú wọn. Mo sọ ìtàn yàrá 509 fún un. Kò sọ nǹkan kan fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ló ní kí n fi àwòrán Lee Han-yeol han òun.

Àwòrán náà wà. Ọjọ́ 9 oṣù Kẹfà ọdún 1987 ni, níwájú ẹnu ọ̀nà Yonsei University. Agolo tajútajú ti bà á lórí, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn lójú rẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan gbá a mú láti ẹ̀yìn kó má baà ṣubú. Ó kú ní ọjọ́ 5 oṣù Keje. Ẹsẹ̀ bàtà rẹ̀ kan ṣoṣo ló kù, ó wà nínú ilé ìrántí rẹ̀ ní Seoul. Bae Eun-sim ni ìyá rẹ̀. Láti ọdún náà ló ti ń bá àwọn ìyá àti bàbá mìíràn tí ìjọba pa ọmọ wọn rìn, láti ìwọ́de kan dé òmíràn, ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún. Ó kú ní Gwangju ní ọjọ́ 9 oṣù Kìíní ọdún 2022. Ọjọ́ Àìkú ni, ọ̀kan nínú ọjọ́ méjì tí Snowdrop máa ń jáde lọ́sẹ̀.